Ọwọ́ Tí Ibiso Fi Gba Àtùpà

Ọ̀pá géèmù àkọ́kọ́ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún. Falilat rọra gbé e sí òsì, níbi tí ọ̀pá kejì ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi ìka há méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó mú ṣíbí méjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Eérú dúdú wà níbẹ̀, irú èyí tó ń bọ́ láti ojú sánmà Port Harcourt lọ́dún náà, tó ń bà lé fèrèsé, lé aṣọ tí wọ́n sá, lé ẹnu ìkòkò omi. Ó nù ún mọ́ ìró. Ó tún wò ó. Nígbà tó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ọ̀tún mú ọ̀pá kejì, ó sì nà án síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá ṣọ́ ọ kò ní rí i.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, àdá ló yọ.

Ọmọbìnrin inú géèmù na àdá sí ọ̀fun ìyá arúgbó. Ìyá arúgbó lọgun, ó sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àtùpà tó fẹ́ gbé fún ọmọ náà bá a wọlé.

Falilat yíjú sí Àràmídé. Ó ní, "Àǹtí Mídé, kí ni mo wá ṣe fún màmá yẹn báyìí?"

Ọwọ́ Falilat ni Àràmídé ń wò.

Òun ló kọ géèmù náà, òun ló sì pinnu ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe nínú rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó ti gba àtùpà yẹn láìsí wàhálà ni òun fúnra rẹ̀. Kò tíì ka ìyẹn sí nǹkan kan.

*

Rumuomasi, ní Port Harcourt, ni wọ́n bí Àràmídé Adébíyìí sí. Iléṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá, wẹ́dà ni, ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ epo jó irin títí ó fi kú. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, díákónì nínú ìjọ wọn, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tiwọn nìkan ni ilé Yorùbá ní òpópónà náà. Àràmídé ń fi Yorùbá kí ìyá rẹ̀, ó ń fi òyìnbó ṣírò, ó ń fi pijin jà. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Káyọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Ará Ìkìrun. Àgùnbánirọ̀ ni nígbà tó dé ìlú náà, ó ní bí òun bá ti sin ìlú tán, ilé yá. Ó sin ìlú tán. Kò lọ. Ó gba yàrá méjì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mgbuoba, lókè ṣọ́ọ̀bù tí Falilat ti ń ta mínírà àti káàdì ìpè, ó gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì wá Àràmídé rí. Ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ló ń gbọ́ bùkátà ọ́fíìsì náà. Géèmù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ti Àràmídé ni.

Orúkọ géèmù náà ni Ibiso. Orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ etí omi, ní ibì kan tó jọ Abuloma, níbi tí àwọn ilé ti fi ẹsẹ̀ igi dúró sínú omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wa ọkọ̀ lọ pẹja, kò padà. Ibiso mú àdá rẹ̀, ó mú àjẹ̀ rẹ̀, ó ń wá a kiri láti odò dé odò. Ọ̀nì. Olè orí omi. Afárá onípákó tó ń ṣẹ́ mọ́ ẹni lẹ́sẹ̀. Ní òpin ìpele kìíní, ìyá arúgbó kan ní etí omi yóò gbé àtùpà lé e lọ́wọ́, torí pé ibi tó ń lọ ṣókùnkùn. Bí kò bá sí àtùpà, kò ní wọ ọkọ̀. Bí kò bá wọ ọkọ̀, géèmù parí síbẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ páàdì ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ìṣòro. Bọ́tìnì kan fún àdá. Òmíràn fún fífò. Òmíràn fún gbígba nǹkan. Bọ́tìnì kò ní òsì, kò ní ọ̀tún. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn. Ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n ló lọ nawọ́, ọwọ́ tó bá sì nà, tirẹ̀ ni.

Àfìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì dé.

Ọkùnrin náà ní gbọ̀ngàn eré kan ní GRA, níbi tí ìdílé ti ń kó ọmọ wá bí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Ó ti rí Ibiso lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ páàdì. Nínú gbọ̀ngàn tirẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣeré: ọ̀pá kékeré kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tó rí bíi tọ́ọ̀ṣì, okùn rẹ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́, kámẹ́rà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń wo ibi tí ọ̀pá wà. Ohun tí ara ẹni bá ṣe ni Ibiso yóò ṣe. Ó ní òun á mú ẹnìkan wá tí kò rí géèmù náà rí, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ ní ohunkóhun. Bí onítọ̀hún bá gba àtùpà, tó wọ ọkọ̀, òun á gba géèmù náà sínú gbọ̀ngàn òun. Bí kò bá wọ ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́.

Káyọ̀ náà fi tirẹ̀ kún un. Kò bínú sọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ báńkì kan ń bẹ nílẹ̀ tí òun ti ń sún síwájú nítorí Ibiso. Bí ọkùnrin yìí bá kọ̀ ọ́, àwọn á gbé Ibiso kalẹ̀, àwọn ò sì ní ṣe géèmù mọ́. Àràmídé gbọ́ ọ. Ọdún tó ti lò lórí ọmọbìnrin yẹn pọ̀ ju èyí tó lò ní yunifásítì lọ. Ó ní, "Kò burú, Ọ̀gá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ́tìnì.

Ní àràárọ̀, kí Káyọ̀ tó dé, á ti tábìlì mọ́ ògiri, á dúró sí àárín yàrá, á so ọ̀pá mọ́ ọwọ́. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan tó bá yọ, á bi ara rẹ̀ pé kí ni ara èèyàn máa ń ṣe gan-an. Wíwa ọkọ̀: ọwọ́ méjèèjì, ìbàdí á tẹ̀ lé e. Sísá pamọ́: kí onítọ̀hún lóṣòó. Rírìn lórí afárá: kí ọwọ́ méjèèjì là sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má gbọ̀n. Àdá: apá ọ̀tún. Ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀pá kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ̀gbẹ́ ló mọ̀. Èyí tó bá wà lápá ọ̀tún, àdá ni. Gbígba àtùpà: àdá ti wà ní ọ̀tún, òsì ló ṣófo. Òsì, nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló parí ìyẹn. Afárá gbà á ní ọ̀sẹ̀ gbáko.

Bí ó ṣe ṣe é nìyẹn. Ló wá pe Falilat wá láti ìsàlẹ̀ kó wá dán an wò.

*

Lẹ́yìn Falilat, wọ́n pe obìnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Òun náà yí ọ̀pá padà kó lè fi ọ̀tún gbà á. Àdá. Wọ́n pe ọmọ yunifásítì kan tó wá ra káàdì. Òun kò tiẹ̀ yí nǹkan kan padà, ọ̀tún ló nà lọ tààrà, pẹ̀lú ọ̀pá nínú rẹ̀. Àdá. Ìyá arúgbó sá wọlé, ó jáde, ó tún sá wọlé. Falilat ní ìyá yẹn á ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí.

Àràmídé rò pé ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kò yé wọn. Ó kọ ọ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n ní pijin, gàdàgbà, pé kí ẹni tó ń ṣeré na ọwọ́ òsì. Ní Sátidé, ó pe Papa Nyeche, àgbà ọkùnrin ará Ikwerre tó jẹ́ aládùúgbò wọn ní Rumuomasi, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ iná. Bàbá náà fi sùúrù kọjá afárá. Ó bá ọ̀nì jà, ó ṣẹ́gun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Ó tún un kà. Ó wo Àràmídé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jíhìn.

"Which kind pikin be dis?" ló wí. "Her mama no train am?"

Ó gbé òsì rẹ̀ sí ẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní ṣàṣìṣe, ó sì na ọ̀tún. Àdá.

Káyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní gbogbo ayé ń na ọ̀tún, báwo ni Àràmídé ṣe wá ń ṣe tirẹ̀ tí kò fi ṣẹlẹ̀ sí i rí? Ó ní kó ṣe é kí òun rí i.

Àràmídé so ọ̀pá mọ́ ọwọ́. Ó dé iwájú ìyá arúgbó. Ìyá arúgbó gbé àtùpà jáde, òsì Àràmídé sì lọ pàdé rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìdúró, bí omi tó mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀.

Káyọ̀ wo ọwọ́ náà. Ó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ó ti rí i tó ń kọ̀wé, tó ń jẹun, tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀tún ni. Ọ̀tún ni nígbà gbogbo.

"Mídé, alòsì ni ẹ́?"

Ó ní rárá.

*

Kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán.

Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ máa ń ya etí ìró tó ti gbó, á fi so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ apá àga bí oúnjẹ bá délẹ̀. Kì í so ó le. Kì í bínú so ó. Bí ẹni ń tún kọ́là aṣọ ọmọ ṣe ni, kí ọmọ tó jáde. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àjèjì ni wọ́n ní ìlú náà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọmọ Yorùbá kan kó ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Kí Àràmídé tó wọ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún mú pẹ́ńsù. Ìyá rẹ̀ fi jẹ́rìí nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, àwọn obìnrin náà sì ṣe àmín.

Kò tún sí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà mọ́. Àràmídé alára kì í rò ó. Ohun tí wọ́n bá ti so mọ́ àga fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó lè jókòó síbẹ̀ náà.

*

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Àràmídé fi iná pupa sí orí ọ̀pá kan, ó fi àwọ̀ ewé sí èkejì, kí kámẹ́rà lè dá wọn mọ̀, kí ẹni tó bá yí wọn padà lè yí àdá padà pẹ̀lú. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjèèjì bá ti kọjá lára wọn nínú ìjà, kámẹ́rà á ṣì wọ́n mú, àdá á fò láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹyẹ tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nì pa Falilat ní ìgbà púpọ̀. Falilat ní òun ní ọjà láti tà.

Káyọ̀ mú ìmọ̀ràn wá. Kí wọ́n yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Kí Ibiso kàn dúró níwájú ìyá náà, kí àtùpà fúnra rẹ̀ wá bá a.

Àràmídé kọ̀. "Ta ló ń dúró níwájú àgbà kí nǹkan fò wá bá a?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kí géèmù rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn," ni Káyọ̀ fèsì. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ báńkì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, ìyá Àràmídé yà sí ọ́fíìsì. Ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan nítòsí, ó sì gbé ẹ̀wà wá fún ọmọ rẹ̀ nínú kúlà oúnjẹ, torí pé ó ti ṣe díẹ̀ tí ọmọ náà kì í jẹun kó tó jáde nílé. Káyọ̀ dìde kí i, ó dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí àyè yàrá náà gbà á dé. Ó ní, "Màmá, ẹ wá bá wa wo géèmù Mídé." Àràmídé fẹ́ sọ pé rárá. Ìyá rẹ̀ ti gbé báàgì kalẹ̀.

Ó fún gèlè rẹ̀ le. Ó gba ọ̀pá. Ó fi ẹ̀sọ̀ rìn, bí ẹni ń rìn nínú ilé onílé. Lórí afárá, ó ń pe Jésù lábẹ́ èémí. Ó kọ̀ láti bá ọ̀nì jà. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ọ̀nì fi lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe. Káyọ̀ rọra pàtẹ́wọ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó na ọ̀tún.

Àdá.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó bẹ ìyá inú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kó má bínú. Ó dúró kó jáde. Ó tún nà án, jẹ́jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdá. Ìgbà náà ló wá gbójú sókè ka ohun tí wọ́n kọ.

Ó yíjú sí àwọn méjèèjì.

"Ta ló ní kí ọmọ yìí fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?"

Káyọ̀ yíjú sí fèrèsé.

"Èmi ni, mà."

Ìyá náà tú okùn ọ̀pá kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó fi ọ̀tún gbé wọn fún ọmọ rẹ̀, Àràmídé sì fi okùn wọn kọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ nítorí kò mọ ibòmíràn tí yóò kó wọn sí. Wọ́n ń fì síbẹ̀.

"Mo ṣebí mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ jíjẹ, mà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ kíkọ. Ó ṣẹ́kù síbòmíràn."

Ojú ìyá náà kò le, kò sì rọ̀. Ó wo ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni tó bá ojúlùmọ̀ àtijọ́ pàdé lójú títì tí kò rántí bí wọ́n ṣe tú ká. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ, ó nà án sí i, ó sì fi oríkì pè é.

"Ẹ̀wà ni, Àṣàkẹ́. Ó ṣì gbóná."

Àràmídé gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, bó ṣe máa ń gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Káyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó nàka sí tẹlifíṣọ̀n. Kámẹ́rà kò dákẹ́ iṣẹ́. Níbẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn ìyá arúgbó, Ibiso dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, àdá sì ń fì láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀.

*

Ìwà ọmọlúàbí ni gbogbo èèyàn máa ń pe ọwọ́ méjèèjì tí Àràmídé fi ń gba nǹkan. Láti kékeré. Nínú ìjọ, bí wọ́n bá ń pín ìwé orin, ọwọ́ méjèèjì. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà bá fún un ní ọsàn, ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n á ní, ẹ ò rí ọmọ Ìyá Adébíyìí bó ṣe mọ ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àgbà bá ti na nǹkan sí i, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ nínú àwọn méjèèjì, òsì ni àbí ọ̀tún. Ló bá ń rán wọn pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn.

Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Tàbí bóyá ó mọ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdé náà. Kò sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí Káyọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí Falilat ń kí i ní ìsàlẹ̀, tó ń ní ẹ kú ìrìn mà.

Àràmídé jẹ ẹ̀wà náà tán kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó pa ohun tó kọ sójú tẹlifíṣọ̀n rẹ́. Ó pa iná pupa àti ti àwọ̀ ewé. Ó kọ ọ́ báyìí: ìyá arúgbó á jáde, á rí àdá, á dúró. Kò ní sá. Kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn máa wo àdá náà, títí ẹni tó ń ṣeré á fi bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀tún rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀, bí ẹni gbé irin kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbé àtùpà síwájú. Ọwọ́ méjì tó bá gòkè wá pàdé rẹ̀, tó sún mọ́ ara wọn, á gbé e lé e. Kámẹ́rà kò ní láti mọ èyí tó jẹ́ òsì.

Káyọ̀ dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó ní ó kù kí wọ́n yọ ti òsì nìkan kúrò, torí kò wúlò mọ́.

Àràmídé ní, "Fi í sílẹ̀."

"Fún ta?"

"Fi í sílẹ̀, Ọ̀gá."

Káyọ̀ fi í sílẹ̀.

*

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì dé ní ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà rẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra tó ń jẹ́ Ovunda, tó ní òun kò ṣe géèmù rí láyé òun, ó sì hàn. Ó ṣubú lórí afárá. Ó tún ṣubú. Ó bú afárá ní èdè rẹ̀. Ọ̀nì gé e jẹ. Àràmídé dúró létí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kó sẹ́yìn, ó ń fi èkínní di èkejì mú. Káyọ̀ kò wo tẹlifíṣọ̀n, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì ló ń wò.

Ovunda dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó. Òógùn bò ó. Ó na ọ̀tún.

Àdá gòkè. Ìyá náà kò sá. Ó wo àdá.

Ovunda wo ìyá náà. Ó wo àdá. "Sorry, Mama," ló wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún dé ilẹ̀. Nígbà tó nàró, ìyá arúgbó ti gbé àtùpà síwájú ní ọwọ́ méjèèjì. Ovunda na tirẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àtùpà bọ́ sí i lọ́wọ́, iná rẹ̀ tàn sí ojú omi, ọkọ̀ sì wá gúnlẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ovunda ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ náà dé ibi tó ń lọ ná.

Kí ó tó lọ, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì béèrè ìbéèrè kan. Ó ní bí ọmọ kan bá fi òsì nìkan gbà á ńkọ́? Káyọ̀ ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àràmídé ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ Ovunda. Ó dá géèmù padà sí ẹnu ilẹ̀kùn, àdá wà ní ọ̀tún, ó na òsì, òun nìkan, níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá arúgbó wo ọwọ́ náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àtùpà lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì ní, "Àwọn ìyá kan ò ní fẹ́ràn ìyẹn."

"Wọn ò ní fẹ́ràn ẹ̀, sà," ni Àràmídé wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n á gbé àtùpà fún ọmọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì rò ó. Ó ní kí wọ́n má yọ ọ́.

*

Ibiso wọ gbọ̀ngàn náà kí ọdún tó parí. Káyọ̀ gba iṣẹ́ báńkì pẹ̀lú, ó wá ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Àràmídé ń kọ ìpele kejì. Ọ̀tún ló ṣì fi ń kọ̀wé, ọwọ́ méjèèjì ló ṣì fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nílé ní Rumuomasi, ìyá rẹ̀ ló ń tẹ́ tábìlì, ó sì ń gbé ṣíbí ọmọ rẹ̀ sí apá òsì àwo báyìí.